Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kún, Eegun Itan Kú

Ìwọ tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé orí eegun itan rẹ ti kú, jọ̀wọ́ nu ojú rẹ, jókòó, kí o sì fetí sí mi. Wọ́n ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún èmi náà rí. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo rò pé wọn yóò kúkú gbé èmi àti eegun náà lọ sin pọ̀ ni. Ẹ wá wò mí lónìí! Mo ń rìn. Mo ń ṣiṣẹ́. Mo sì tún ń bá ìyàwó mi du ẹran nínú ọbẹ̀. Ọkùnrin tó bá ṣì lè ṣe ìyẹn, ẹ jẹ́ ká gbà pé kò tíì kú.

Àmọ́ kì í ṣe ìtùnú nìkan ni mo gbé wá. Ìkìlọ̀ wà níbẹ̀, pàápàá fún ẹ̀yin tí inú yín máa ń dùn bí wọ́n bá sọ fún yín pé ara yín ti ń kún. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí. Ẹ má wo ẹ̀yìn.

Wolé-wolé ni mí ní ìlú Ọ̀fà. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn wa, ẹ ṣáà fara dà á títí n óò fi parí ọ̀rọ̀ mi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gun kẹ̀kẹ́ láti agboolé dé agboolé, láti Ọ̀fà dé Ìjàgbò, nígbà mìíràn títí dé Òjòkú, kí n máa yọjú wo inú ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, kí n sì máa wo gọ́tà ẹ̀yìnkùlé bóyá omi ń ṣàn. Bí mo bá rí tanwíjí, mo máa da omi náà nù. Bí gọ́tà bá dí, baálé ilé á ṣe àlàyé ní kóòtù. Ẹ rí i pé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kò lè ní ọ̀rẹ́ púpọ̀. Bí àwọn obìnrin bá ti gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ mi báyìí, ẹnì kan á ké, "Wolé-wolé ń bọ̀ o!" Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, ìkòkò ti wọ abẹ́ ibùsùn.

Nígbà náà, mo tínrín. Ṣòkòtò kákí péńpé tí ìjọba fún wa, itan mi méjèèjì lè gba inú ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kọjá, kí afẹ́fẹ́ sì tún ráyè fẹ́. Bẹ́ẹ̀, ní ọ̀dọ̀ wa, bí ọkùnrin tó ń gba owó oṣù bá gbẹ, òun kọ́ ni wọ́n ń bú. Ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń bú pé kò fún ọkọ lóúnjẹ, ìyá rẹ̀ ni wọ́n sì ń bi pé kí ló ń wò. Sàrátù ìyàwó mi ń se oúnjẹ bí ẹni tó ń bọ́ ọmọ ogun. Ìyá mi náà, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà wá fún mi láràárọ̀. Mo ń jẹ gbogbo rẹ̀ o! N kò mọ ibi tó ń gbà lọ.

Ní bí ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, wọ́n ní ká máa fín oògùn apẹ̀fọn káàkiri. Èmi ni mo gbé páńpù kọ́ ẹ̀yìn. Oògùn náà kò bá ẹ̀fọn jà tó bó ṣe bá ara mi jà. Ara mi sú láti ọrùn dé kókósẹ̀, ó ń yún mi bí ẹni tí wọ́n da yèrèpè lé lórí. Mò ń fi ẹ̀yìn họ ara ògiri bí ewúrẹ́. Mo lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà ibẹ̀ sì fún mi ní àwọn hóró oògùn funfun kéékèèké. Ó ní kí n lò ó fún ìgbà díẹ̀, kí n máa dín in kù bó bá yá, kí n sì padà wá rí òun.

Háà! Oògùn náà ṣiṣẹ́! Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ara mi ti jọ̀lọ̀. Oúnjẹ sì wá ń wù mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò pẹ́ kò jìnnà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kún.

Ẹ ò bá rí mi ní mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀! Alhaji kan ládùúgbò wa, tí kò kí mi rí bí kò ṣe láti bú mi nítorí gọ́tà, na ọwọ́ sí mi.

"Làmídì! Ṣé ìwọ rèé? Owó ìjọba ti wá ń wọ ara báyìí o!"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, Alhaji."

"Máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ ti wá dà bí ojú èèyàn."

Wọ́n kí Sàrátù lójú ọ̀nà odò. Wọ́n kí ìyá mi lọ́jà. Ìyá mi ní ṣe ni òun ń rìn bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ joyè. Nígbà tí oògùn yẹn wá tán, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi díẹ̀díẹ̀, ojú mi sì ń fà sẹ́yìn. Dípò kí n padà sọ́dọ̀ dókítà, ìyá mi ti so hóró kan tó kù mọ́ etí ìró rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ kẹ́místì kan nítòsí ibùdókọ̀ rélùwéè.

Kẹ́místì náà gbé e yẹ̀ wò. Ó ní, "Ìyá, mo ní in. Ṣé ti ara yíyún ni?"

Ìyá mi ní, "Ti ara kíkún ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ń ṣe méjèèjì, Ìyá."

Bó ṣe di pé hóró oògùn ń tẹ̀ lé ẹ̀kọ àti àkàrà wá sílé mi láràárọ̀ nìyẹn. Ọyẹ́ dé, ó lọ, òjò rọ̀, ó dá, ọyẹ́ tún dé, mo ṣì ń lò ó. Ta ni yóò kọ̀ ọ́? Ara kò yún mi mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi yó bí òṣùpá tó kún. Ẹ̀yìn ọrùn mi yọ gẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ti akọ màlúù. Ikùn mi ṣíwájú mi wọlé. Ẹsẹ̀ mi nìkan ló kọ̀ tí kò kún, ó dúró tínrín lábẹ́ gbogbo ẹrù náà, n kò sì bi í pé báwo ló ṣe ń gbé e.

Ẹsẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ ọjà Òjòkú ni. Mo fẹ́ gun kẹ̀kẹ́, mo ju ẹsẹ̀ kan kọjá, ni nǹkan bá ta mí fíìn ní orúnkún òsì bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tó kúrò nínú iná gún un. Mo ní bóyá mo ṣẹ́ ẹ ni. Mo rọra gùn ún lọ. Nígbà tí n óò fi padà dé, mo ń fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ òsì sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń gbé ẹrù ẹlẹ́rù.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú rẹ̀, ẹ ti mọ bó ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Bí mo bá jókòó pẹ́, kí n dìde di ogun. Kí n tẹ̀ ba kí n de okùn bàtà di ẹ̀bẹ̀. Bí mo bá fẹ́ jókòó lórí ẹsẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, n kò lè ká a, mo wá ń na ẹsẹ̀ kan síwájú bí ẹni tó ń sinmi lábẹ́ igi. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò mí lójú kan.

"Ọ̀gá wolé-wolé, ṣé ẹ fẹ́ ká gbé tìmùtìmù wá fún yín ni?"

Mo ní bó bá rí èyí tó fẹ̀ tó mi, kó gbé e wá.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Àwọn obìnrin kò tún nílò aago kẹ̀kẹ́ mi mọ́, wọ́n ti mọ dídún bàtà mi: ọ̀kan á wúwo, ọ̀kan á wọ́ nílẹ̀. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, tanwíjí ti bá ìkòkò sá lọ. Iṣẹ́ mi ń bàjẹ́ lójú mi. Ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ jẹun, tí ẹsẹ̀ wá ń kọ̀, kí ni yóò fi bọ́ ìyàwó àti ọmọ? Ẹ̀rù yìí ni n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ń bò ó.

Ìyá mi fi àdí pa orúnkún mi. Ó fi òrí pa á. Ó fi àdí àti òrí pa á pọ̀. A wá bàbá kan lọ ní Òjòkú tó ń to eegun. Bàbá náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tó kán yánkan-yànkan ló ti tò tí wọ́n fi ń jó. Àmọ́ orúnkún ni a gbé fún un, orúnkún náà ló sì tọ́jú. Ó fà á, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi pákó dì í. Mo ké títí ohùn mi fi há. Ìrora náà kò tilẹ̀ yà kí bàbá.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin náà mọ ìlà ibẹ̀. Ẹni tó ní ibà wà níbẹ̀, ẹni tí ejò bu jẹ wà níbẹ̀, ìyá tó gbé ọmọ méjì pọ̀n wà níbẹ̀, gbogbo wa jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan tó ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ lábẹ́ mi. Obìnrin kan wò mí, ó ní, "Alhaji, irú ara yín yìí, kí ni ẹ tún wá ń wá ní ilé ìwòsàn?" Ẹ gbọ́ mi o! Èmi tí n kò tíì lọ sí Mẹ́kà! Ìsanra ló sọ mí di Alhaji. Nígbà tó kàn mí, wọ́n ya fọ́tò eegun orúnkún mi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Orúnkún mi mọ́ bí àwo tuntun. Wọ́n fún mi ní oògùn ìrora, mo sì fi ẹsẹ̀ wọ́ ara mi padà sílé.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá gba ibòmíràn yọ. Ìyá mi jókòó, ó káwọ́ lé orí.

"Àjàní, fọ́tò ò rí nǹkan kan. Ó ti yé mi. Àwọn obìnrin tí ò ń da omi wọn nù yẹn ni. Wọ́n ti fi ọ́ ré."

"Ìyá, gbogbo obìnrin Ọ̀fà ni mo da omi wọn nù. Èwo la fẹ́ mú níbẹ̀?"

"Gbogbo wọn la ó bẹ̀."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. A lọ! Èmi, ìyá mi, àti ọ̀pá ìtìlẹ̀ mi. Ilé ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ni a kọ́kọ́ yà, nítorí omi tirẹ̀ ni mo dànù kẹ́yìn kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ sí mi lọ́jọ́ yẹn tí etí mi fi hó. Ìyá mi kúnlẹ̀ fún un. Èmi náà tẹ̀ débi tí mo lè tẹ̀ dé.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ wo èmi, ó wo ìyá mi, ó bú sẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi ṣubú.

"Ìyá Làmídì, ẹ dìde jàre. Èmi? Bí mo bá ní irú agbára bẹ́ẹ̀, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni màá mú? Ẹnu rẹ̀ ni màá mú! Ẹnu yẹn ló ń yọ mí lẹ́nu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣe mí ní nǹkan kan."

Ó wá bomi fún wa mu. Ó mọ́ lóló. Mo yọjú wo inú ìkòkò náà kí n tó mu ún, ìyá mi sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí a délé, Sàrátù kò jẹ́ ká lọ sí ilé kejì. Ó ní, "Bàbá Ràfíù, tí ẹ bá ń kérora lójú oorun, orúnkún kọ́ lẹ máa ń dì mú. Ibi tí itan ti pàdé ikùn ni. Ẹ jẹ́ ká lọ Ìbàdàn." Aṣọ òfì rẹ̀ méjì tó ń tọ́jú ló tà ká tó lè lọ, kò sì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ títí di òní.

A wọ ọkọ̀ ojú irin. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ìlà tó wà ní ilé ìwòsàn ńlá yẹn, tiwa ní Ọ̀fà kò tó ọmọ rẹ̀! Ṣùgbọ́n dókítà tó wò mí, ọmọ Yorùbá ni, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, ojú mi ló sì kọ́kọ́ wò, kò wo ẹsẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí, oúnjẹ nìkan kọ́ ló kọ́ ọ. Oògùn wo lẹ ń lò?"

Sàrátù dáhùn kí n tó la ẹnu. Dókítà mi orí. Ó ní kí n dùbúlẹ̀. Ó ká orúnkún mi, kò dùn mí. Ó wá di itan mi mú, ó yí i sínú díẹ̀ báyìí, mo sì ké débi pé nọ́ọ̀sì kan sáré wọlé. "Ẹ ṣeun," ni dókítà wí, bí ẹni tí mo fún lẹ́bùn. "Ìbàdí ló wà. Ìrora ibẹ̀ fẹ́ràn kó lọ máa kan ilẹ̀kùn orúnkún."

Wọ́n ya fọ́tò ìbàdí méjèèjì. Dókítà gbé e sójú iná, ó fi ìka hàn mí. Orí eegun itan, tó yẹ kó rí roboto bí ọsàn, ti òsì ti wó lápá kan bí ògiri amọ̀ tí ikán jẹ inú rẹ̀ tán. Ó ní, "Eegun ibí yìí ti kú."

Mo ní, "Dókítà, báwo ni eegun ṣe ń kú, kí ẹni tó ni ín tó kú?"

Ó bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Nígbà tí mo sọ fún un, ó pàtẹ́wọ́. "Ó dára bẹ́ẹ̀! Ẹ máa yé mi kíákíá. Ẹ rò pé eegun dà bí igi gbígbẹ ni? Rárá o. Ó ń jẹ, ó ń mu. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un, àwọn ojú ọ̀nà tó sì ń gbà dé orí eegun itan, wọ́n tín-ín-rín, wọn kò sì pọ̀. Oògùn tí ẹ ń lò yìí máa ń yí bí ara ṣe ń lo ọ̀rá padà. Ọ̀rá á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Á pọ̀ nínú mùdùnmúdùn eegun náà. Eegun ò lè gbòòrò bí ikùn, nítorí náà ọ̀rá á máa fún ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pa. Òmíràn á kó sínú ojú ọ̀nà gan-an, á dí i. Bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń wádìí rẹ̀ ṣe rò ó títí di báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló tíì yé wa. Ọ̀gá wolé-wolé, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé èèyàn lọ sí kóòtù, gọ́tà tiyín ló dí yìí o!"

Sàrátù kò lè mú un mọ́ra, ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Mo rántí gọ́tà ẹ̀yìn ilé àwọn tó ń ṣe epo, bí ọ̀rá ṣe máa ń dì síbẹ̀ nígbà ọyẹ́ títí omi kò fi ní lè kọjá. Gbogbo ìyìn tí wọ́n ń yìn mí, inú eegun mi ló ń dì sí!

Àmọ́ dókítà kò tíì parí. Ó fi ìka sí fọ́tò ìbàdí ọ̀tún. Òjìji kékeré kan wà níbẹ̀.

"Ti ọ̀tún náà ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì wó. Ti òsì, a máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un bó bá yá. Ti ọ̀tún yìí ni kí ẹ jẹ́ ká dù. Bí oògùn yẹn bá ń wọlé síi, ẹ̀rù máa bà mí fún un. Ẹ ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe máa wí títí á fi tán. Ẹ má fi ìbínú dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà o, ara yín ti gbójú lé e, ó lè dá yín dúbúlẹ̀. Ẹ ó sì máa fi ọ̀pá abíyá méjì rìn, kí ẹrù má baà pọ̀ lórí rẹ̀. Mi ò búra pé á dúró. Ṣùgbọ́n ó lè dúró."

Ó lè dúró! Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá dúró, mo ṣì jẹ́ èèyàn tó ń dá rìn. Bó bá wó, wọn yóò máa gbé mi bí àpò ẹ̀lùbọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín oògùn kù. Ó ṣòro. Ó ń rẹ̀ mí, oúnjẹ kò wù mí, ara sì tún ń yún mi díẹ̀, àmọ́ ìpara kan ni dókítà fún mi fún ìyẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń lọ. Ikùn mi ń lọ. Ni ìlú bá dìde!

"Kí ló ń ṣe Làmídì?" "Ó ti ń gbẹ o." "Ṣé kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ ni?" Ọjọ́ kan, Alhaji tó ń yìn mí ní mọ́ṣáláṣí wá kí mi nílé, ó wò mí pẹ̀lú àánú, ó sì rọra ń bi ìyá mi ní ìkọ̀kọ̀ bóyá a ti sanwó sàká mi. Ìyá mi kò sùn mọ́. Ó ń jókòó tì mí, ó ń fi ọwọ́ wọn ọrùn ọwọ́ mi bíi pé ó fẹ́ rà á.

Oògùn tán. Mo yọ̀. Àmọ́ bí oṣù díẹ̀ ṣe kọjá, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí kò yé mi. Ojú mi tún ń yó bọ̀. Ẹ̀yìn ọrùn mi tún ń yọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi, tó ti dákẹ́, tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní ibi tí itan ti pàdé ikùn.

Sàrátù dúró sí iwájú mi, ó fi ọwọ́ sí ìbàdí. "Bàbá Ràfíù, níbo lẹ ń tọ́jú ẹ̀ sí?"

"Kí ni?"

"Ẹ má sọ fún mi pé kí ni. Ẹ ò rí ojú yín nínú dígí?"

Mo búra. Kò gbà. Ó tú àpò ṣòkòtò mi, ó tú abẹ́ ìrọ̀rí, ó wo inú fìlà mi. Ọjọ́ méjì ni kò bá mi sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí ju ìbínú rẹ̀ lọ: bí n kò bá lo oògùn, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún sì ń lọ, a jẹ́ pé kò sóhun tó lè dá a dúró nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Sàrátù lọ fọn iná ní ilé ìyá mi, nítorí tiwa ti kú. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́.

"Ìyá! Kí lẹ ń lọ̀ yẹn?"

Mo gbé ọ̀pá abíyá mi, mo wọ́ lọ síbẹ̀. Ìyá mi jókòó ti àdògán, ọlọ kékeré tí wọ́n fi ń lọ ata wà níwájú rẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun wà lórí rẹ̀. Àwo ẹ̀kọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rú èéfín.

"Ẹ ò rí i bó ṣe ń gbẹ?" ni ìyá mi ń pariwo. "Ẹ̀ ń wò ó kó máa kú lọ! Èmi ò lè wò ó! Èmi ni mo bí i!"

"Ìyá, ẹsẹ̀ kan ti lọ! Ṣé ẹ fẹ́ kí èkejì lọ ni?"

Ìyàwó kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìyá ọkọ ní ilé wa. Sàrátù fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì kúnlẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí i pé láti ìgbà tí a ti ti Ìbàdàn dé, a sọ fún ìyá mi pé kó má ra oògùn mọ́, kò sì sí ẹni tó sọ ìdí rẹ̀ fún un. A rò pé kò ní yé e.

Mo jókòó tì í. Mo sọ ọ́ fún un bí dókítà ṣe sọ ọ́ fún mi, gọ́tà, ọ̀rá, eegun tó ń jẹ tó ń mu. Ó gbọ́ títí dé òpin láì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ohun tí kò ṣe rí.

"Ọ̀rá tí mò ń dúpẹ́ lé lórí," ó ní, "òun ló dí i?"

"Òun ni, Ìyá."

"Tí mò ń jó káàkiri, tí mò ń sọ pé ẹ wá wo ọmọ mi?"

"Ìyá, ẹ tọ́jú mi. Ẹ kàn tọ́jú mi kọjá ibi tí eegun lè gbé ni."

Ó fi etí ìró nu ojú. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún sunkún. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó da ẹ̀kọ náà nù, ó kó hóró oògùn tó kù, ó sì jáde láì wé gèlè. Ọ̀dọ̀ kẹ́místì ló gbà lọ. Àwọn tó wà ní ibùdókọ̀ rélùwéè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ṣì ń sọ ọ́. Ó tú gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì.

"Gbà! Ọmọ mi ò fẹ́ kún mọ́!"

"Ìyá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹ fẹ́…"

"Èmi ni mo ní mo fẹ́. Èmi náà ni mo ní kí o má tà á fún ìyá kankan mọ́, àyàfi tí dókítà bá ní kó rà á. Kí wọ́n gbọ́ o! Kí gbogbo ẹni tó ń wọ ọkọ̀ gbọ́!"

Mo padà sí Ìbàdàn. Dókítà tún bá mi fi ọgbọ́n dín èyí tó ti wọ ara mi kù, nítorí kò ṣeé já lójijì. A wá ń dúró. Dídúró yẹn ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, ẹ̀yin ará mi. Láàárín rẹ̀ ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹsẹ̀ òsì. Wọ́n yọ orí eegun tó ti kú, wọ́n sì fi orí irin dípò rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ irin, ó ní, "Irú irin wo? Ṣé ti rélùwéè?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé bí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀, ìdí mi á máa gbọ̀n. Ó gbà á gbọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀rù bà mí púpọ̀ kí wọ́n tó gbé mi wọlé, n kò ní purọ́ fún yín, mo ka gbogbo àdúrà tí mo mọ̀, mo sì tún un kà. Mo jí, ẹsẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ìrora iṣẹ́ abẹ wà, àmọ́ ti tẹ́lẹ̀, èyí tó ń jẹ mí láti inú, ti lọ!

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tún ya fọ́tò ẹsẹ̀ ọ̀tún. Dókítà gbé e sójú iná, ó gbé ti àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Kò wó," ó ní. "Ibi tó wà nígbà yẹn ló wà. Ó dúró."

Sàrátù gbá mi mọ́ra lójú àwọn nọ́ọ̀sì! Obìnrin Ọ̀fà, lójú gbangba! Mo ní kó rọra, irin tuntun ni mo gbé o.

Bí mo ṣe wà rèé. Mo ń fi ọ̀pá kan rìn, ní ọ̀sán kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ bí mi ò bá rìn jìnnà. N kò gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Ọ́fíìsì ni wọ́n fi mí sí, àwọn ọmọ tuntun ni mò ń kọ́ ní iṣẹ́ wolé-wolé. Orí àga ni mo ti ń kírun. Bí òjò bá ṣú, ìbàdí òsì á sọ fún mi kí ẹnikẹ́ni tó kó aṣọ nílẹ̀. Lọ́dọọdún ni mò ń lọ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún han dókítà. Mo tún ti tínrín, ara mi sì jọ̀lọ̀.

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún, má jẹ́ kí wọ́n máa tẹ orúnkún rẹ nìkan. Jẹ́ kí wọ́n wo ìbàdí, kí wọ́n wo méjèèjì. Oògùn tí dókítà bá fún ọ fún ìgbà díẹ̀, ìgbà díẹ̀ náà ni kó jẹ́. Bí o bá sì ti ń lò ó pẹ́, má já a dà nù fúnra rẹ, padà lọ bá a. Kí o sì sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn ará ilé rẹ, pàápàá ẹni tó ń se ẹ̀kọ rẹ.

Ìyá mi ṣì wà láàyè, kò sì jẹ́ kí ayé sinmi. Láìpẹ́ yìí, a lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìjàgbò. Ọ̀dọ́kùnrin kan wọlé, bàbá ọmọ tuntun gan-an, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yó, ọrùn rẹ̀ kún, gbogbo èèyàn sì ń yìn ín pé ìyàwó ń tọ́jú rẹ̀. Ìyá mi dìde láàárín àwọn àgbà, ó lọ bá a, ó di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó yí ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà.

"Ọmọ mi," ó ní, "oúnjẹ ni, àbí oògùn?"